Plásítà Tó Wà Lórúnkún Alàgbà Elisha

Ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, Bọ̀ọ̀dá Béjidé, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi kúrò ní Iléṣà láàárọ̀ yìí, àbúrò yín ni, Elisha tí ẹ fà mí lé lọ́wọ́ pé kí n máa ṣe ìyàwó rẹ̀, òun ló ní kí n lọ fẹjọ́ òun sùn níbi tó bá wù mí, ó ní ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ má bínú o, "wọ́n" ni mo máa ń pè é níwájú yín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ṣùgbọ́n lónìí "ó" ni màá pè é. Inú ló ń bí mi. Bí inú mi bá rọ̀, ọ̀wọ̀ á padà.

Ṣé bàbá máa ń jí oògùn ọmọ rẹ̀ lò? Ẹ dá mi lóhùn. Oògùn tí òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀, tó gbé Bíbélì sókè, tó ní ojú òun kò gbọ́dọ̀ rí i nínú ilé òun láéláé! Òun náà ni. Òun náà ló wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí, torí ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ mọ Fadékẹ́, àkọ́bí wa. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin la pè é nígbà tí mo bí i, ẹ sì gbọ́ nípa ọjọ́ tó jókòó sáàárín èmi àti bàbá rẹ̀, tó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé obìnrin ni òun, pé òun kò lè máa gbé inú irọ́ mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní orúkọ ìyá yín, Fadékẹ́, ni òun fẹ́ máa jẹ́, mo ní ọmọ tó fẹ́ sá fún ilé bàbá rẹ̀ kọ́ nìyí. Elisha ní rárá. Láti ọjọ́ náà, "ọmọ yẹn" ló ń pè é. Ọlọ́run sì bá a ṣe é, èdè wa kò yọ ọ́ lẹ́nu, "ó" la fi ń pe akọ, "ó" náà la fi ń pe abo. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù tí ẹnu rẹ̀ ní láti gbé, orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ, kò gbé e.

Ni Fadékẹ́ bá wá dókítà kan. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, mo jókòó tì í, ojú dókítà náà hàn kedere. Ó ní èròjà kan ló ń bẹ lára obìnrin, ẹsitírójìn ni wọ́n ń pè é, pé òun ni Fadékẹ́ yóò máa lò, àti pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lò ó pọ̀. Oníhóró wà tí wọ́n ń gbé mì, abẹ́rẹ́ wà, ìpara kan wà tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ tí wọ́n fi ń pa apá, tí kò sì gbọ́dọ̀ kan ara ẹlòmíràn títí yóò fi gbẹ. Plásítà náà wà, pẹlẹbẹ báyìí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, tí oògùn ara rẹ̀ á máa rọra wọnú ẹ̀jẹ̀. Mo ní dókítà, èwo ló sàn jù? Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ẹnikẹ́ni lára rí nínú ẹbí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi oníhóró sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju plásítà lọ. Plásítà ni kó lò. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe fáàrí? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Plásítà yìí kò sí ní Iléṣà rárá, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, nígbà mìíràn a ó retí rẹ̀ títí ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn. Bó bá dé, Fadékẹ́ á kó o sínú dúrọ́ọ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ sì mọ orúnkún Elisha. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, orúnkún tó ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti ń lọ oko kòkó bàbá yín ní Ifẹ̀wàrà. Ó fi òrí pa á, ó fi omi gbóná jó o, kò gbọ́. Ni ó bá wọ yàrá ọmọ lọ, ó ní ṣájà fóònù ni òun ń wá. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó rí páálí, ó tú páálí, ó rí plásítà. Bọ̀ọ̀dá, kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó ní gíláàsì òun kò sí nítòsí. Alàgbà tó ń ka Léfítíkù fún wa láìsí gíláàsì! Ó lẹ ọ̀kan mọ́ orúnkún ọ̀tún, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ti òsì, ó tún wá lẹ òmíràn mọ́ ìbàdí, bẹ́ẹ̀ ìbàdí kò tíì sọ pé ohunkóhun ń ṣe òun.

Ó sì ní ó ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọ iléèwé. Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo orúnkún òun sàn láìlo oògùn kankan. Láìlo oògùn! Plásítà wà lábẹ́ ṣòkòtò. Ìjọ ń jó, èmi náà ń jó, èmi tí n ò mọ nǹkan kan.

Ibi tó ti dùn mí nìyí o. Páálí ọmọ ń fúyẹ́. Fadékẹ́ á ka oògùn rẹ̀, kò ní pé. Nígbà tó yá, kò rí i lò mọ́, ara rẹ̀ á kàn ṣàdédé gbóná, òógùn á bò ó, kò rí oorun sùn, kò fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Màámi, bí ẹ ò bá fẹ́ mi báyìí, ẹ sọ ọ́ lójú mi. Ẹ yéé kó o dànù." Èmi! Èmi Phebe, tí mo bá a jókòó ti dókítà! Mo búra, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kò gbà mí gbọ́. Ó di ẹrù, ó wá sọ́dọ̀ yín ní Òṣogbo níhìn-ín. Bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń wọ́ báàgì jáde, plásítà ọmọ wà lórúnkún rẹ̀, kò la ẹnu. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹjọ́ mi wà, Bọ̀ọ̀dá. Ó jẹ́ kí ọmọ mi máa rò pé èmi ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní bí ẹ̀wù bá ti kan òun lórí ọmú báyìí, ṣe ló dà bí iná. Ọmú méjèèjì le bíi kóró àgbálùmọ̀, wọ́n sì ń ga. Ó ní àwọn ará Ifẹ̀wàrà ni, pé nítorí ààlà oko ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́kọ̀. Ó pe àwọn aládùúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n pariwo lé ọmú lórí títí ohùn wọn fi há. Ọmú kò gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, sà. Mo ń wò yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó ní kí n wá bá òun fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ni àṣírí tú. Mo tẹjú mọ́ orúnkún, mo rí i. Ikùn ọmọ mi ni mo ti máa ń rí nǹkan yẹn, n ò lè ṣì í mọ̀. Mo ní Elisha, kí nìyí? Ó ní plásítà orúnkún ni. Mo wá sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tòun ti ọṣẹ lára, ó fọwọ́ méjèèjì bo àyà, ó ní, "Ṣé yóò tún ga jù báyìí lọ?"

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Fadékẹ́. Ká ní kò dáhùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó dáhùn. Ó ní kí bàbá òun yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kó lọ rí dókítà, kó má bẹ̀rù, pé bí kò bá tíì pẹ́ púpọ̀, ó ṣeé ṣe kó rọra wálẹ̀. Kò bú u. Ó bẹ̀ mí pẹ̀lú, ó ní kí n dárí ji òun. Mo sunkún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti àbúrò yín. Ó yọ ti òsì, ó yọ ti ìbàdí, ó ní kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú ti ọ̀tún, torí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìpàdé àwọn alàgbà máa wà! A dé ilé ìwòsàn, dókítà ibẹ̀ ní nǹkan yẹn kò kan orúnkún rárá, pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Elisha rò ó, ó rò ó, ó wá rọra sọ sí dókítà létí, ó ní bí plásítà kò bá bá òun lára mu, oníhóró ńkọ́? Àbí kí wọ́n kúkú fún òun ní ìpara? Mo fi gèlè bojú.

Mo ní kó lọ bẹ ọmọ. Ó ní bàbá kì í bẹ ọmọ. Mo ní kó kàn pe orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, kó pè é ní Fadékẹ́, kó sọ pé òun lòun mú un. Ó yíjú sí ògiri. Ìdí tí mo fi wọ mọ́tò nìyẹn, mọ́tò kọṣẹ́ lọ́nà, mo jókòó sẹ́bàá títì bí ẹni tó ń ta iṣu, n ò padà. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ mú un wá síwájú ọmọ yìí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, bó bá fi lè sùn mọ́jú láìsọ ọ́, kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì…

Ẹ ní kí n má ṣépè? Kí ló dé? Ẹ ní ta ló wà ní Òṣogbo? Elisha? Elisha tèmi? Á jẹ́ pé nígbà tí mọ́tò wa kọṣẹ́ ló kọjá lára wa!

Ẹ ní ó dúró sẹ́nu géètì, kò lè wọlé. Àwọn ayálégbé bi í pé ta ló ń wá, ó ń wo ilẹ̀. Ó wá ní kí ni? Ẹ tún un sọ, Bọ̀ọ̀dá. Ó ní, "Ẹ bá mi pe Fadékẹ́, ọmọ mi. Ẹ sọ fún un pé olè tó jí i lóògùn ti dé." Ṣé etí yín ló gbọ́ ọ? Ẹnu Elisha? Ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Níbo ni wọ́n wà báyìí? Wọ́n ti jọ lọ ra oògùn orúnkún gidi ní Òkè-Fìà? Ó dáa náà. Ó dáa. Fadékẹ́ ní kí wọ́n tó lọ, kó ká ṣòkòtò sókè kí òun wo ti ọ̀tún? Ọmọ mi gbọ́n. Kí ló wá rí?

Ó ṣì wà níbẹ̀?

Háà, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ gbà mí o, ikùn ń dùn mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Olè wá tọrọ àforíjì, ó gbé ẹrù olè wọlé lórúnkún!