Ọta Tó Tọ́ sí Ẹfọ̀n

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Peckham lọ sí Nunhead ní London láàárọ̀ Sátidé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì í, tó ń wo fídíò ìbọn lórí fóònù.

"Kí lo fẹ́ pa?" ni bàbá náà bi í.

"Ẹfọ̀n, sir. Èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń lọ South Africa. Ìbọn three-oh-eight ni mo mọ̀ ọ́n yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní three-seven-five, tí ọta rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ni kí n mú."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àgbọ̀nrín ni three-oh-eight wà fún. Ṣùgbọ́n three-seven-five máa ń gbáni léjìká. Tó bá ti gbá ẹ lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ á máa dì fúnra ẹ̀ kó o tó yìnbọn."

"Mo máa practise, sir."

"Èmi náà practise." Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Mo ṣì dijú. Ikùn ẹfọ̀n ni ọta bà, ó sá wọgbó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe ẹranko léṣe ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá mi gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ fáwọn ọdẹ tó kù pé, 'Èmi ni mo yìnbọn yẹn.'"

Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀ láti máa gbọ́ ọ: "Èmi ni mo yìnbọn yẹn."

"Ṣé wọ́n wá pa ẹfọ̀n náà, sir?"

Bàbá tẹ bẹ́ẹ̀lì, ó dìde.

"Ìbọn yẹn nìkan ló padà délé. Mú three-oh-eight, ọmọ mi. Lọ pa àgbọ̀nrín."