Kírípítò Gbé Owó Lọ, Ọlọ́run Dá Ọkọ Mi Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí n tó wá dúró síwájú yín, mo ti kúnlẹ̀ nílé. Ọpẹ́ tí mo gbé wá lónìí, ẹnu mi kéré sí i, àmọ́ n óò sọ ìwọ̀nba tí mo bá lè sọ. Ògo ni fún Ọlọ́run tó ń rí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun.

Èmi ni Ìyá Sẹ̀sílì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní Ìgólò mọ̀ mí dáadáa. Abẹ́ agboòrùn ni mo máa ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀dà, tí mo ń bá èèyàn ṣẹ́ náírà sí séfà, séfà sí náírà. Mo fẹ́ tètè sọ ọ́, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ níta pé owó kírípítò ti padà, pé ìyẹn ni mo fi fẹ́ jẹ́rìí. Owó náà kò padà. Ẹni tó bá wá nítorí ìyẹn, kó má bínú. Kó jókòó, kó gbọ́ ohun tó padà.

Ọkọ mi, olùkọ́ ni. Gbogbo Ìfọ̀nyìn ló ń pè é ní Mẹ́tì, títí kan àwọn tí kò kọ́ níwèé rí. Rètírẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, ti ń sún mọ́lé, ilé tí a ń kọ́ kò sì tíì kọjá ojú fèrèsé. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ rí wọkọ̀ wá láti Kútọnu wá kí i. Ọmọ dáadáa ni lójú wa. Ó bá wa jẹun, ó ṣí fóònù pọ́tábù rẹ̀, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn kan tó ń bá èèyàn ra kírípítò. Ó ṣàlàyé pé owó orí ẹ̀rọ ni, pé kò sí ìjọba kankan tó ń tẹ̀ ẹ́, pé ẹni tó bá rà á lónìí yóò tà á lọ́wọ̀n lọ́la. Ó mú ọkọ mi lọ sí ìpàdé wọn ní Àjàṣẹ́.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo bi í léèrè. Mo ní, Bàbá Sẹ̀sílì, nídìí iṣẹ́ tèmi, bí owó bá gbéra sókè, mo máa ń rí ohun tó gbé e. Bí wọ́n bá ti ẹnu ibodè, mo mọ̀. Bí ọdún bá ń bọ̀, tí àwọn èèyàn ń sáré rajà, mo mọ̀. Èyí ńkọ́, kí ló ń gbé e? Ó ní:

“Náírà tí ò ń ṣẹ́ yẹn náà, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Bébà ni. Àwọn èèyàn gbà pé owó ni, ló fi jẹ́ owó.”

Títí dòní, mi ò tíì rí èsì tó dán mọ́rán sí i. Mo ní dákọ̀, ó dáa, ká dán an wò. Owó bíríìkì àti simẹ́ńtì la kọ́kọ́ fi síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ó ń wú. Láràárọ̀, bí ọkọ mi bá ti gbàdúrà tán, yóò ṣí pọ́tábù, yóò fi hàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ju ti àná lọ. A tilẹ̀ ní kí wọ́n fún wa ní díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fún wa. A fi kan páànù tuntun sórí ilé ìdáná. Páànù yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo àdúgbò, torí ojú ọ̀nà ni ilé ìdáná wa wà, ó ń kọ mànà bí oòrùn bá ràn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá Mẹ́tì pé kó bá àwọn fi tàwọn náà síbẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́, torí òun ló kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé kíkà.

Bàbá Ràímì wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, ọmọ bàbá kan náà. Kó-Kúmólú ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n ń ṣe epo pupa. Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú owó Mẹ́kà. Èyí tí wọ́n bá rí nínú epo, wọ́n á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀. Ọjọ́ orí ń lọ, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bó bá yá, ẹsẹ̀ àwọn ò ní lè gbé àwọn débẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí àbúrò àwọn bá àwọn fi sí ibi tó ń wú yìí, kí ìrìn-àjò náà lè yá. Ọkọ mi fi síbẹ̀.

Bọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tó máa ń ṣí lórí pọ́tábù ò ṣí mọ́. Ọkọ mi rò pé kọnẹksiọ̀n ni kò dáa. Ó jáde síta, ó rìn dé ojú ọ̀dà, ó ń na pọ́tábù sókè, kò ṣí. Ó pe ọmọ tó mú un débẹ̀, ìpè ò wọlé. Gúrúùpù tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti pa á rẹ́. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn ti kún àgbàlá wa. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ṣépè, ọkọ mi ń dá wọn lóhùn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Bàbá Ràímì náà wá. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọ̀kadà wọn dúró, wọ́n jókòó sórí bíríìkì tó kù nílẹ̀, wọ́n ní kí n pe àbúrò àwọn. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó gbọ́, kò jáde. Mo ní kò sí nílé. Wọ́n wò mí, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọ́n tún wá lọ́jọ́ mìíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń wá, Bàbá Ràímì nìkan ni kò pariwo, ẹ̀rù wọn ló sì ń ba ọkọ mi jù.

Kò jẹun mọ́. Kò lọ sí ilé ìwé mọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á máa wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti òdì kejì odò. Mo ń lọ sí Ìgólò nítorí oúnjẹ ọmọ, àmọ́ ọkàn mi wà nílé. Lọ́jọ́ kan tí mo dé, mi ò bá a. Pọ́tábù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà, torí kì í fi í sílẹ̀. Mo sáré wọ ibi tí a ń kó ẹ̀wà sí. Ìgò oògùn kòkòrò tí a máa ń lò fún ẹ̀wà, kò sí níbẹ̀.

Mo bẹ́ sórí ọ̀kadà, mo padà sí Ìgólò, mo ń bi àwọn ọlọ́kadà, mo ń bi àwọn tí a jọ ń ṣẹ́ owó, àwọn alábàárù tó ń gbé ẹrù sọdá. Mo sọdá sí Ìdí-Ìrókò. Kò sẹ́ni tó rí i. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá jàndáámù, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Pásítọ̀ wa gbọ́, wọ́n dé, àwọn ìyá ìjọ náà dé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó sápá ọ̀tún yìí, ẹ ò padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbààwẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọlọ́run yóò dúró tì yín lọ́jọ́ tiyín.

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti wá sọ fún mi pé Bàbá Ràímì náà ń wá ọkọ mi kiri lórí ọ̀kadà, pé àdá wà lẹ́yìn wọn. Lóòótọ́, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í rìn láìmú àdá dání. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo bá yí àdúrà mi padà. Mo ní, Olúwa, fi ọkọ mi hàn mí, ṣùgbọ́n fi í pa mọ́ fún Bàbá Ràímì. Má jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Mo gba àdúrà yìí kíkan kíkan. Mo fi ọwọ́ lu ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà yẹn. Mo dúpẹ́ pé kò gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ràímì ló ń wà á. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn, tó gbá wọn mú níbàdí bí ọmọdé, ọkọ mi ni. Ẹrẹ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ló bá mi lọ mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí i, torí àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Bàbá wọn ní oko kan níhà ààlà, tó ti di igbó láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí wọ́n bá na ọkọ mi, ibẹ̀ ló máa ń sá lọ jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa ń lọ pè é wá jẹun. Gbogbo ibi tí a ń wá a sí, ojú ọ̀nà àti ẹnu ibodè ni. Bàbá Ràímì nìkan ló rántí oko. Wọ́n fi àdá la igbó náà wọlé, wọ́n bá a ní ìdí ọ̀pẹ. Ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣí i, ó ti dé e padà.

Ọkọ mi rí àdá, kò sá. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́. Mo ti gbé Mẹ́kà yín sọnù.”

Bàbá Ràímì ju àdá sílẹ̀, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ní:

“Mẹ́kà ò lọ ibì kankan. Ìwọ lò ń lọ.”

Wọ́n mú ìgò náà, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìn. Wọ́n ní kò sí oúnjẹ nínú àwọn láti àárọ̀, pé kó dìde, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dúró kí àwọn kírun Àyìlá. Ọkọ mi ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ń forí kanlẹ̀ nínú igbó yẹn, ìgbà yẹn ni ẹkún tí kò ti wá látọjọ́ yìí tó wá. Ó sunkún títí wọ́n fi sálámà.

Nígbà tí mo wá bi Bàbá Ràímì ìdí tí wọ́n fi wá sílé wa nígbà náà láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ìbínú ni àwọn bá wá lákọ̀ọ́kọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì, àwọn wá sọ fún àbúrò àwọn pé kó jáde wá jẹun ni. Èmi ni mo ní kò sí nílé.

Látìgbà yẹn, àwọn méjèèjì jọ lọ bá àwọn tó fi owó síbẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú ọkọ mi, obìnrin kan ò jẹ́ kó wọlé. Bàbá Ràímì á dúró tì í títí ẹni náà yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹjọ́ àwọn tó gba owó wa wà ní kóòtù, a ń retí. Ọkọ mi ti padà síwájú pátákó ní ilé ìwé. Oko tó di igbó yẹn, wọ́n ti ṣán an, wọ́n ti gbin àgbàdo sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá Ràímì ní kó ṣàlàyé nǹkan náà fún àwọn dáadáa. Ọkọ mi ní kírípítò tòótọ́ wà, àwọn èèyàn ń rà á, wọ́n ń tà á káàkiri ayé, àwọn kan sì ti fi kọ́lé. Ó ní àwọn tó gba owó wa ò tilẹ̀ rà á. Ńṣe ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sójú pọ́tábù fún wa. Ó ní èyí tó jẹ́ tòótọ́ pàápàá, ohun tó ń gbé e ni pé ẹlòmíràn yóò rà á lọ́wọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la. Ọjọ́ tí ẹni náà ò bá wá, yóò rọ̀ bí ìfófòó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e. Bàbá Ràímì gbọ́ ọ tán, wọ́n bojú wo ọ̀run, wọ́n ní:

“Tí òjò bá rọ̀ sí i ńkọ́, ṣé ó ń hù?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo wà nídìí iná, mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo gbé ìkòkò sọ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Mi ò dúró síbí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Èmi náà, owó tó ń lọ sókè sódò ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bèèrè, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó jẹ́ irú owó tó jẹ́ pé bó bá sọnù, òun ṣì lè jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé òun. Bí ẹnìkan bá sì ti jókòó sínú yàrá nílé yín, tí kì í jáde mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pè é wá jẹun lónìí. Ẹ má dúró de ọ̀la.

Mo fi ògo fún Ọlọ́run tó mọ ẹni tó yẹ kó rán ju èmi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ lọ. Ọkọ mi rèé, Mẹ́tì yín rèé lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ yí ojú wò ó. Ẹ bá mi yọ̀. Àkọ́so àgbàdo oko náà ti jáde. Àwọn méjèèjì pín in ní àárọ̀ yìí: agbọ̀n kan lọ sí mọ́sálásí ní Kó-Kúmólú, agbọ̀n kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Mo ti sè é, ó ṣì gbóná. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ mú tiyín.