Fíìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Wò Nígbà Mẹ́tàlélógójì

(Àwọn tó sọ̀rọ̀: Ẹ̀GBỌ́N, ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélógún yí fíìmù ní sinimá kó tó fẹ̀yìn tì, tó jókòó lórí àga onígbàjámọ̀, tí orí ẹ̀ ò tíì dọ́gba. TÍṢÀ, àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, tó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ilé-ìwé rẹ̀, tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. ONÍGBÀJÁMỌ̀. Ọ̀GÁ, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé-ìwé náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.)

[Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò! O máa pẹ́ láyé! Ọ̀rọ̀ rẹ ni mò ń sọ lọ́wọ́ báyìí. Mo ní kò sí fíìmù kan tí wọ́n ṣe lábẹ́ ọ̀run tí n kò lè wò lójú kan kí n sọ bóyá ó yẹ ọmọdé tàbí kò yẹ. Kí wọ́n ṣáà dárúkọ ẹ̀!

TÍṢÀ: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ—

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀, àbúrò mi àtàtà! Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

TÍṢÀ: Wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù tí mo bi yín lọ́sẹ̀ tó kọjá—

Ẹ̀GBỌ́N: Ti àwọn Júù nígbà ogun Hítílà? Fíìmù àtijọ́, dúdú àti funfun? Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni mo wò ó! Onígbàjámọ̀, ṣé o gbọ́? Mẹ́tàlélógójì! Àwọn tó ṣe é gan-an ò wò ó tó bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ: À ń fi í han àwọn ọmọ lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ kú iṣẹ́ o!

TÍṢÀ: Ó ti lé ní wákàtí kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i ní ìparí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọbìnrin wo?

[Ìlà ń ṣe pàtìpàtì.]

TÍṢÀ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọmọbìnrin inú fíìmù!

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ, network ni. Èwo nínú wọn?

TÍṢÀ: Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀! Òun ni gbogbo fíìmù náà dá lé lórí! Ojú ẹ̀ ló kún ara páálí fíìmù náà!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀n-ẹ́n, òun. Ọmọ dáadáa ni.

TÍṢÀ: Aṣọ wo ló wọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Dúdú. Tàbí funfun. Àbúrò mi, dúdú àti funfun ni fíìmù náà, mélòó ni mo fẹ́ mú níbẹ̀?

TÍṢÀ: Ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Onígbàjámọ̀, pa ẹ̀rọ yẹn ná.

[Ẹ̀rọ dákẹ́.]

TÍṢÀ: Ẹ ò wo fíìmù náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni ò wò ó? Èmi tí mo— Ó dáa, jẹ́ n là á yé ọ. Ẹ̀rọ méjì ló wà ní yàrá wa lókè. Róòlù mẹ́jọ ni fíìmù náà. Bí róòlù kan bá fẹ́ tán, àmì róbótó kékeré kan á yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún, á ṣẹ́jú pẹ́, á lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ kejì. Bí mo bá pàdánù ẹ̀, ojú aṣọ tí fíìmù ń hàn sí á funfun báláú, gbogbo ilé á sì máa fi ìyá wa bú mi. Ìyá tèmi tìẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mò ń gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Nítorí náà, igun yẹn ni mò ń wò.

TÍṢÀ: Igun.

Ẹ̀GBỌ́N: Fún ọdún mọ́kànlélógún! Kò sẹ́ni tó mọ igun yẹn tó mi láyé!

[Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ má bínú, sà. Apá òsì orí yín ló kù.

TÍṢÀ: Ẹ sọ fún mi pé wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i! Ìparí róòlù kẹta!

TÍṢÀ: Ẹ ní wọ́n dé ibì kan tí yìnyín bolẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Róòlù kẹrin! Ṣé o wá rí i pé mo—

TÍṢÀ: Ẹ ní wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì ńlá kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Róòlù kẹfà. Ọ̀pá èéfín gogoro kan, ní igun gan-an. Èéfín ń rú túú. Mo ní, bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ń yan búrẹ́dì tó báyìí, ebi ò ní pa wọ́n.

[Ohùn fíìmù ń jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi? Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Èèyàn ni wọ́n ń sun níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí?

TÍṢÀ: Àwọn tó bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì sun òkú wọn. Èéfín wọn lẹ̀ ń wò.

[Ẹnìkan gbé nǹkan sílẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà mẹ́tàlélógójì.

TÍṢÀ: Ọmọ ilé ìyá mi. Ẹ lè ní, "N kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Mo gba ọ̀rọ̀ yín, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i: suitable for age ten. Nígbà tí ọ̀pá èéfín yẹn yọ, ọmọ kan nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń sè níbẹ̀?" Mo ní, "Búrẹ́dì ni."

Ẹ̀GBỌ́N: Ha.

TÍṢÀ: Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́! Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin inú fíìmù bi obìnrin àgbàlagbà kan pé ìyá òun dà. Obìnrin náà kàn nawọ́ sókè, sí èéfín. Ọgbọ̀n ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wọn ló gbójú kúrò lára aṣọ, wọ́n wá ń wo èmi.

[Ìlà ń ṣe pàtìpàtì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò? Ṣé o gbọ́ mi? Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo wà. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́ ní ìbéèrè kan.

TÍṢÀ: Ẹ má bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà. Ìwọ lò ń kọ́ wọn ní ìtàn ogun yẹn lọ́dọọdún. Mo ní wọ́n kó àwọn Júù sínú ọkọ̀ ojú irin, mo ní wọ́n kó wọn lọ sí ilé búrẹ́dì. O ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." O ò janpata rárá?

TÍṢÀ: Mo gbẹ́kẹ̀ lé yín!

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé búrẹ́dì, Tíṣà?

[Ilẹ̀kùn dún bí ẹni tó fẹ̀yìn tì í.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sínú ẹ̀rọ nílé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo pa á bí ọkọ̀ ojú irin yẹn ṣe ń gbéra. Àyà mi ò gbà á. Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ ilé búrẹ́dì. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ni pé ìwọ náà—

TÍṢÀ: Ẹ má parí ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Dá fíìmù náà dúró, jàre! Wọlé kí o pa á!

TÍṢÀ: Mo ti gbìyànjú. Bí mo ṣe nawọ́ sí bọ́tìnnì, ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn dìde. Ọmọ tí ohùn ẹ̀ kì í ju ti ẹ̀fọn lọ ní kíláàsì! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ máa dúró síta ná." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n lé ọ síta?

TÍṢÀ: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù ní ilé-ìwé yín ńkọ́? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ fọwọ́ sí i.

TÍṢÀ: Bàbá apoògùn tó ṣojú àwọn òbí fọwọ́ sí i nítorí pé Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá fọwọ́ sí i nítorí pé èmi wò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ wò ó nítorí pé èmi wò ó.

TÍṢÀ: Ẹ̀yin wo igun.

Ẹ̀GBỌ́N: Di gbogbo ẹ̀ rù mí. Sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló parọ́ fún ọ. Kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ.

TÍṢÀ: Kí wọ́n gbà á! Ọmọ yẹn ni mò ń rò. Láti òní lọ, bí mo bá ní méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin, ìka ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi— Ọ̀gá ń bọ̀.

[Ẹsẹ̀ bàtà lórí símẹ́ńtì. Ọ̀gá wọ gbọ̀ngán lọ, ó sì tún jáde; ilẹ̀kùn pa dé.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Gbé e fún wọn, jẹ́ n bẹ̀ wọ́n!

[Fóònù kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn.]

Ọ̀GÁ: Ta nìyí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà, èmi tí mo—

Ọ̀GÁ: Mẹ́tàlélógójì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ti gbọ́ mà? Igun ni, mà, nítorí àmì kan wà—

Ọ̀GÁ: Fíìmù ti parí.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ọmọ ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n ń sunkún?

Ọ̀GÁ: Àwọn kan sunkún. Wọ́n ti nujú. Àwọn fúnra wọn ló tanná. Wọ́n gbé àga mẹ́ta sí iwájú, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ wá jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè, mà?

Ọ̀GÁ: Rárá. Wọ́n fẹ́ sọ ohun tó wà nínú fíìmù náà fún wa. Àwọn nìkan ló wò ó.

[Ìlà já.]