Abọ́ Ìyá Namhae Tó Padà Wá Lófìfo

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí. Òrùlé ilé mi tó ń jò, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó máa gba ilé náà yóò rántí gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí mo ti dá padà fún ọ̀gá mi, síbẹ̀ tí mo ṣì ń wá nínú àpò ṣòkòtò mi ní àràárọ̀. Bàálù: bóyá ó máa gbéra, tó bá sì gbéra, bóyá ó máa balẹ̀. Orúnkún mi. Ajá mi, tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ olórí abúlé, tí mo sì mọ̀ pé oúnjẹ àjẹjù ni wọn yóò fi pa á. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni abọ́ onírin kan tó wà lórí tábìlì ilé ìdáná mi, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Màá padà sórí abọ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé ni, torí ẹ mọ̀ mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kí yín bó ṣe yẹ.

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Gu Bon-seok, olórí abúlé Solgae. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níbi tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí ti gbóná jù, níbi tó tọ́ sí yín. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ma Jong-tae, tí mo bá kan ọkọ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ se ọbẹ̀ ewé òkun, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fetí sí mi. Ẹ̀yin àlejò láti abúlé òdìkejì, tí ẹ kò mọ̀ mí rí àmọ́ tí ẹ gbọ́ pé oúnjẹ wà. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti bí mi, máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹni tó bá ti pẹ́ lájò, tí kò mọ èwo ni ilé, èwo ni àjò mọ́, kí ni kí ó ṣe?

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, irun orí mi ṣì dúdú. Ìwé girama ni mo kà mọ, iṣẹ́ jórinjórin sì ni mo mọ̀. Ìyàwó mi ti kú, mo fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún mi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì wá owó wá. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní Solgae kò bi mí ní orúkọ. Ọ̀gá Ma ni. Ó ní, “Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?” Ẹnu yà mí. Níbi tí mo ti wá, a kì í ka ọdún lé àgbàlagbà lórí bí ẹni ka iṣu. Mo dá a lóhùn ṣá. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì, torí pé mo fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà, òun ni ọ̀gá, á máa pariwo mọ́ mi: “Sànyà! Irin yìí wọ́! Ṣé ojú oorun lo fi jó o ni?” Tó bá di ìdí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, á fi ọwọ́ méjèèjì bu ọtí fún mi, á tẹríba: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà.” Ọ̀gá mi, mo ń bi yín lónìí níwájú gbogbo èèyàn, nígbà tí ẹ kò lè dá owó oṣù mi dúró mọ́: ìgbà wo ni irin wọ́ rí, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dì í mú?

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ó kan yín náà.

Ṣé ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé mi? Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ti kọ́ mi. Mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yàrá, ilẹ̀ gbóná; ta ló ti sọ fún mi pé ẹ máa ń fi iná mú ilẹ̀ yàrá gbóná nígbà òtútù? Mo fọwọ́ kàn án, ó tún gbóná sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹni tí orí rẹ̀ pé máa rò? Mo gbé àpò mi, mo sáré bọ́ sínú yìnyín láìwọ bàtà, mo ń ké pé, “Iná o! Iná wà lábẹ́ ilé!” Gbogbo yín jáde, àwọn mìíràn gbé garawa omi lọ́wọ́. Obìnrin kan kọjá lára mi, ó wọlé, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀ náà, ó di ojú, ó ní, “Iná yìí mà dára o. Ẹ má pa á.”

Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí Ìyá Namhae nìyẹn. Aládùúgbò mi ni, ògiri kan ló wà láàárín wa. Erékùṣù Namhae ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, ìdí nìyẹn tí gbogbo yín fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ n kò rí akọni ọkùnrin kan ní Solgae tó dán an wò pé kí ó pè é.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé abọ́ onírin kan wá bá mi, kimchi, kábéèjì tí ẹ fi iyọ̀ àti ata pa mọ́, kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ó ní, “Rọra jẹ ẹ́ o, àlejò. Kábéèjì yìí ta.” Ẹ sì kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà láti wo bí àlejò ṣe máa kú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí! Ata ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́, mo bi í léèrè pé, “Ìyá, ata ọ̀hún dà?” Ọdún yẹn ló sọ ata rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ̀yin tí ẹ sì ń sunkún nídìí kimchi rẹ̀ títí dòní, ẹ dákun, ẹnu mi ló kó yín sí i.

Mo wá fọ abọ́ náà. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bíi dígí, mo gbé e padà fún un pẹ̀lú ìyangàn. Ó wo inú rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ó wo ojú mi. “Sànyà,” ó ní, “ebi ń pa abọ́ yìí.” Ó tì í padà sí mi láyà, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀gá Ma ló là mí lójú pé níbí, a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Ìbáà ṣe ọsàn kan, ìbáà ṣe ẹyin méjì, nǹkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo lọ din àkàrà. Ìyá Namhae jẹ ọ̀kan lórí ìdúró, ó jẹ èkejì, ó mú ẹ̀kẹta dání, ó ní, “Epo rẹ̀ pọ̀ jù.” Kò sì dá ìkankan padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abọ́ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹja gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, abọ́ yẹn kò sinmi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, òjò ń rọ̀, yìnyín ń bọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa méjèèjì kò sọ fún ara wa rí. Seoul ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ọmọ tèmi wà lẹ́yìn òkun. Bí mo bá jí tí mo rí abọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, mo mọ̀ pé ó jí. Bí ó bá rí i lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó mọ̀ pé mo jí. Ṣé oúnjẹ nìkan nìyẹn?

Mo mọ àléébù mi. Mo mọ̀ pé Bàbá Bóyá lẹ ń pè mí lẹ́yìn. Bóyá òjò máa rọ̀, bóyá okùn ọkọ̀ máa já, bóyá ẹ ti gbàgbé pa iná gáàsì. Mo ti kan ilẹ̀kùn yín láìmọye ìgbà nítorí gáàsì tí ẹ ti pa láti àná. Ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ tún wò ó: ilé kan kò jó ní Solgae láti ìgbà tí mo ti dé. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn yín, olórí abúlé.

Nígbà tí ọmọ mi ní, “Bàbá mi, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ máa bọ̀ wálé, àwọn ọmọ mi ò mọ̀ yín,” ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Mo ní, “Olórí, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde títí n ó fi fi ẹnu ara mi sọ fún Ìyá Namhae.” Ẹ fọwọ́ lu àyà. Ẹ ní, “Sànyà, àpáta lẹnu mi.” Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí òpó iná bẹ̀rẹ̀ sí í ké: “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará abúlé. Ewúrẹ́ kan wà nínú oko aáyù ilé kejì, kí ẹni tó ni ín wá mú un. Sànyà ń padà sí ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó jẹun ìdágbére lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí ẹ sì tilẹ̀kùn ilé adìyẹ yín, akátá ti ń rìn.” Olórí! Àárín ewúrẹ́ àti akátá lẹ fi mí sí!

Inú oko kábéèjì ni Ìyá Namhae wà. Wọ́n ní ó nàró, ó wo òpó iná náà títí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, abọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Òfìfo. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo wo inú ìdérí. Mo tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń gbé e fún ara wa, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò dáhùn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ nínú ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ìgbà tí olè kó ni lẹ́rù lọ. Ṣé ohun tí abọ́ yẹn ń pè mí nìyẹn? Ṣé ó ti tán láàárín wa ni? Mo lè fi òrùlé sílẹ̀, mo lè fi ajá sílẹ̀. Mi ò lè wọ bàálù kí n má mọ ìdáhùn èyí.

Ìyá Namhae, ẹ̀yin tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi nídìí ilẹ̀kùn, tí ẹ ń bó aáyù tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ bó. Níwájú gbogbo ìlú ni mo ń bi yín: kí ni mo ṣe tí ẹ fi dá abọ́ padà fún mi lófìfo?

Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn kò lè gbọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Ó ní, “Àgbàyà.”

Mo gbọ́, Ìyá. Kí ló tún kù?

Ó ní, “Kábéèjì ṣì wà lóko! Kí ni kí n kó sí i, iyanrìn? Kimchi èṣí ti tán, ìwọ lo jẹ ẹ́ tán. Mo gbé abọ́ wá kí o lè gbé e dání lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé máa pa kábéèjì mọ́, kí o gba ìpín tìrẹ. Ta ló ń kúrò ní Solgae nígbà tí kábéèjì ku díẹ̀ kó jáde? Olè nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ìyá, ẹ ò bá ti sọ fún mi!

Ó ní, “Ìwọ sọ fún mi? Òpó iná ló sọ fún mi.”

Olórí, ẹ gbé ojú yín sókè, ẹ jẹ́ ká jọ gba ẹ̀bi náà. Ìyá, mo tọrọ àforíjì. Ẹnu ara mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Àmọ́ bí mo bá gba ìpín mi, tí abọ́ náà kún, tí mo sì gbé e dé Ẹ̀pẹ́ ńkọ́?

Ó ti yíjú sí mi wàyí. Ó ní, “Abọ́ mi ni. O mọ òfin abọ́.”

Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. A kì í dá a padà lófìfo. A sì gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ta ló ń na ọwọ́ yẹn? Ọ̀gá Ma. Ó ní òun náà ní abọ́ nílé, òun á máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Namhae ní àràárọ̀ títí n ó fi padà wá. Kí lẹ wí sí i, Ìyá? Ó ní, “Ata mi máa pa á.” Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bù ú fún yín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọbẹ̀ ti ń tutù, ẹ jẹ́ kí n ṣe àdúrà. Ilẹ̀ yàrá yín kò ní tutù lórí yín. Òkun tó ń gbé ọkọ̀ yín lọ yóò máa gbé e padà. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Seoul yóò máa rántí ọ̀nà ilé, kì í ṣe lọ́jọ́ ọdún nìkan. Iyọ̀ yóò mu kábéèjì yín bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn yín kò ní kàn án láìsí ìdáhùn. Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ gba oníyọnu mọ́ra.

Màá pe ọmọ mi lálẹ́ yìí kí ó bá mi yí ọjọ́ ìrìn àjò padà. Ó máa bínú, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò tó ti Ìyá Namhae. Olórí, eléyìí, ẹ lè fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ bó ṣe wù yín, kí ẹ má sì fi sáàárín ewúrẹ́: ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni a ó pa kábéèjì mọ́, èmi ni yóò gbé omi iyọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, n ó wọ ọkọ̀ àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Namhae, abọ́ rẹ̀ yóò sì kún lórí itan mi.