Ẹ̀wù Fúgù àti Ọ̀rọ̀ Jámánì

Mo ń dúró de ṣòkòtò mi ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan ní Sabonjida nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ju ìwé sílẹ̀.

“Màmá, ọ̀rọ̀ Jámánì yìí, Aufhebung, ò ṣe é túmọ̀. Nǹkan á parí, á ṣì wà, á tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Olùkọ́ wa sọ pé Yorùbá ò lè gbé e.”

“Olùkọ́ yín ò ránṣọ rí ni. Kí ni mò ń tú yìí?”

“Ẹ̀wù fúgù olófì tí bàbá àgbà tó kú máa ń wọ̀ lọ òde. Ẹ fẹ́ fi rán ti ọmọ bùrọ̀dá.”

“Ó máa wọ̀ ọ́ lọ gba ẹ̀bùn níléèwé. Bàbá mi ò mọ ẹnu ọ̀nà iléèwé. Ṣé ẹ̀wù wọn wá parí?”

Ọmọbìnrin náà mú bírò.

“Kọ ọ́ ní Yorùbá: àtúrán, ohun tí a tú, tí a sì tún rán. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló túmọ̀ ẹ̀, dárúkọ mi.”