Ohùn Inú Ògiri

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Alága ti ka ìtàn iṣẹ́ mi síta, ó sì kà á dáadáa: ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, bí mo ṣe di dókítà àgbà fún àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, ìwádìí mi tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kiri. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìwádìí tó gbé mi dórí àga yìí, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni kó tó jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ. Inú ń bí mi, èmi alára ni inú sì kọ́kọ́ ń bí mi sí. Mi ò ní gbé ẹrù yìí fẹ̀yìn tì.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọkọ obìnrin aránṣọ kan mú un wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ọkùnrin náà dúdú, ó ń dán, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní ìyàwó òun ń gbọ́ ohùn. Aránṣọ náà ò jiyàn. Ó ní lóòótọ́ lòun ń gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn ògiri yàrá òun, á máa rẹ́rìn-ín, á máa pe ẹnì kan ní "Adúmáadán mi", orúkọ tí òun náà fi ń kẹ́ ọkọ òun. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń gbọ́ ọ. Ó ní ìgbà tí ọkọ òun bá ti jáde nílé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín níwájú yẹn, ó ti yé yín. Ó máa yé ọmọdé. Àwa ọ̀mọ̀wé ni kò yé. Ọkọ ní kò sẹ́ni tó ń gbé ilé kejì, a sì gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó lọ kan ilẹ̀kùn wò nínú wa. Mo jókòó, mo kọ ìwé gbàǹgbà pé òwú jíjẹ lè dá ohùn sílẹ̀ létí obìnrin. Ọ̀gá mi kà á, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn, ó fi ránṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kí n ya fọ́tò ògiri náà wá.

Mo wà nínú yàrá aránṣọ, mo ń ya fọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan rẹ́rìn-ín nínú ògiri. Mo fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ti mú mi. Mo jáde, mo kan ilẹ̀kùn kejì. Obìnrin kan ṣí i, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló wọ̀, ó sì yíjú padà sínú ilé pé, "Adúmáadán mi, àlejò dé." Ọkọ aránṣọ jáde tòun ti táwẹ̀lì nídìí. Ojú ò tì í. Ó ní ṣebí èmi ni mo ti sọ pé orí ìyàwó òun dàrú, àbí mo fẹ́ lọ sọ fáyé pé èmi ni mo ṣàṣìṣe? Mo sáré tọ ọ̀gá mi lọ. Ọ̀gá ní ìwé ti lọ, kí n panu mọ́ bí mo bá ṣì fẹ́ iṣẹ́. Mo panu mọ́.

Ìyẹn ò tíì burú tó. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, aláìsàn ò tíì sàn títí yóò fi gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ṣàìsàn. Gbogbo ìgbà tá a bá yí wọ́ọ̀dù ká, màá bi í bóyá ó ti gbà. Á ní, "Mo gbọ́ ọ." A ó fi kún oògùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, aránṣọ o! Ọjọ́ kan wọ́n mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí i, ọmọ náà sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìyá di aṣọ funfun mi mú, ó rọra bi mí léèrè.

"Dókítà, bí mo bá ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ bá ọmọ mi?"

Èmi tí mo fojú ara mi rí obìnrin yẹn, mo dá a lóhùn pé, "Kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fẹnu wí i. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́."

Ó fi aṣọ mi sílẹ̀. Ó ní, "Mo gbà. Orí mi ló dàrú."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sàn. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi nìyẹn. Mo fipá mú ẹni tí orí rẹ̀ pé jẹ́wọ́ wèrè, mo sì fi jẹ oyè.

Láìpẹ́ yìí ni mo wá a lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Kò pariwo. Ó ní òun mọ̀ látijọ́ pé obìnrin náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní àìsàn ti padà. Ó ní ọmọ òun ti bímọ, kì í jẹ́ kí òun gbé ọmọ náà, ẹ̀rù ń bà á pé àìsàn lè padà. Ó ní kí n sọ ọ́ níbi tí ọmọ òun á ti gbọ́.

Ẹ̀yin dókítà kékeré, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn kejì. Aránṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ forí jì mí; bí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, mi ò ní bá yín jà. Ìwọ ọmọ rẹ̀ tó o gbé ọmọ dání lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ̀ pé ọpẹ́ lo bá wá, pé mo wo ìyá rẹ sàn. Mi ò wò ó sàn. Kò ṣàìsàn rí. Dìde, ọmọ mi, gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ.