Ọ̀rọ̀ Tí Mo Yàn fún Wáyálẹ̀sì Ilé Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń ru ẹ̀bi mi kiri. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, àmọ́ lóṣù tó kọjá, Délé ọmọ mi mú ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ wálé. Ọmọ Bàbá Sìkírá ni.

Nígbà tí Délé ṣì kéré, ọkọ mi ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń pín ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ṣakí níbí. Kò sí tẹlifóònù. Ni wọ́n bá gbé wáyálẹ̀sì sí yàrá kan nílé wa, ẹ̀rọ tí ọkọ mi fi ń bá sítọ́ọ̀ Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Bàbá Sìkírá ló ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ náà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀gá wọn wá pàṣẹ pé kí a máa ti yàrá náà, kí a sì yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá pe ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Sìkírá kò gbọdọ̀ kó ajílẹ̀ fún un.

Ọkọ mi ní èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni kí n máa bá òun yan ọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Nígbà tó sú mi, mo mú orúkọ tí mo ń pe àbúrò ọkọ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ kéré sí i. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Mo rò pé kò sí ará ìta tó lè mọ̀ ọ́n, mi ò sì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ọkọ mi bá rán mi létí, màá ní kí ló ń lé e.

Igbe ni wọ́n ń ké sí wáyálẹ̀sì ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, Eyínfúnjowó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ké orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kó tó ní kí wọ́n kó ajílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi òmùgọ̀, mo bá a rẹ́rìn-ín. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi lọ sí Ìgbẹ́tì, èmi wà nílé ìwé. Abẹ́ ìkòkò omi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sí, níbi tí gbogbo ilé mọ̀. Eyínfúnjowó wọlé, ó fi ohùn jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí Bàbá Sìkírá di ẹrù fún lọ́rì kan tó ń bọ̀. Ajílẹ̀ àwọn ará Òfìkì ni wọ́n kó lọ tà yẹn.

Nígbà tí wọ́n wá ajílẹ̀ náà tì, Bàbá Sìkírá búra pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi ní òun ò pè é, òótọ́ ló sì sọ. Ó bi mí bóyá mo sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá. Eyínfúnjowó ti bá mi nídìí ààrò, ó ti jẹ́wọ́ fún mi, ó sì ní, “Ìyàwó wa, tó o bá sọ ọ́, ìwọ lo tú ilé yìí ká.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ ọkọ mi á bọ́, wọ́n á sì ní èmi tí wọ́n fẹ́ wálé ni mo da àárín ọmọ ìyá méjì rú. Wọ́n fi orúkọ olè lé Bàbá Sìkírá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó padà sóko ní Komu. Mo gbọ́, mo sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó Délé dé, ọkọ mi pe ẹbí jọ. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, “A kì í fẹ́ ọmọ olè nílé yìí.” Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Ọkọ mi fara mọ́ ọn. Délé ní òun á kúkú fi ilé sílẹ̀ fún wa.

Lọ́jọ́ kejì, Sìkírá, ọmọbìnrin tí Délé fẹ́ fẹ́ náà, wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Mà, bàbá mi ṣì ń búra títí dòní. Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé ó jalè?”

Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un? Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, ọkọ mi ni tàbí bàbá arúgbó tó wà ní Komu yẹn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àmọ́ ẹ má ṣe ní kí n dákẹ́. Èyíinì ni mo ti ń ṣe.